Ijó Ọ̀sán Sátidé: Ọdún Mẹ́rìndínlógójì Mi Nídìí Orin Háúsì

Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìdímù, nígbà tí mo gbé rédíò ilé ìwé wa lọ sí Ìkòtún fún àtúnṣe. Mo gbọ́ orin kan ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìlù kan ṣoṣo ló ń lù, gbì, gbì, gbì, gbì, kò yára, kò falẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń retí kí olórin gbẹ́nu sókè. Kò sẹ́ni tó gbẹ́nu sókè. Kí n tó mọ̀, èjìká mi ti ń jó láìgba àṣẹ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé rẹ́kọ́ọ̀dù yìí ti há ni?"

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Kò há o. Ó ń bọ̀ ni. Háúsì ni wọ́n ń pè é. Ẹ ní sùúrù, Tíṣà."

Orúkọ ọkùnrin náà ni Gàníyù, ọmọ Ìbàdàn. Ó ń tún rédíò àti ẹ̀rọ àwo ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ó sì ń ṣe DJ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ló ń kó àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù náà bọ̀ fún un. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo gèlè mi, ó wo báàgì tí mo fi ń kó ìwé àwọn ọmọ, ó ní kí n kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ nílé.

Bàbá mi jẹ́ aránṣọ, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti pẹ́ ní Ìkòtún. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e rárá.

"Múlíkátù, iṣẹ́ tíṣà ni mo rán ọ lọ kọ́. Èwo ni ti ijó?"

"Bàbá, ọjọ́ Sátidé nìkan ni. Mi ò ní í fi iṣẹ́ ìjọba ṣeré."

Ó gé òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìrun mágíríbì ò gbọdọ̀ bá ọ níta. Lọ́jọ́ tó bá bá ọ níta, iṣẹ́ yẹn ti parí nìyẹn."

Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ń ṣe lóru, n kò fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ lẹ́yìn tí oòrùn wọ̀ rí. Àwọn DJ ìgbà náà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ń pè mí ní DJ Aago Méjì, torí aago méjì ọ̀sán ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi orúkọ yẹ̀yẹ́ bínú, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Èmi gba tèmi, mo sì kọ ọ́ sára pátákó.

Ní ti owó, gbólóhùn kan ti tó: owó oṣù tíṣà ni mo fi jẹun, orin ni mo fi yó.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni Ọ̀gá Gàníyù kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan rẹ́kọ́ọ̀dù. Ìdí odó ló mú mi lọ lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ní kí èmi àti ìyàwó rẹ̀ jọ máa gún iyán nínú odó kan náà, kí ọmọ odó tèmi máa sọ̀ bí tirẹ̀ bá ti gòkè. Inú bí mi.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ni mo wá kọ́ o, kì í ṣe iyán gígún."

"Àbí ìyàwó mi ò tó ẹni tó ń kọ́ ẹ ni? Gbé ọmọ odó jàre."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọ odó mi gbá tìyàwó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó dùn mí dé èjìká. Obìnrin náà kò bínú. Ó ní, "Tíṣà, má wo ọwọ́ mi. Bí o bá ń wo ọwọ́ mi, o ti pẹ́. Odó ni kí o gbọ́."

Mo di ojú. Mo gbọ́ odó. Nígbà tó yára, mo yára. Nígbà tó dẹwọ́, mo dẹwọ́. Ní Sátidé kẹfà, ó ń kùn orin lábẹ́ ẹnu, a sì jọ yí ìrìn padà lẹ́ẹ̀mẹta láìsọ̀rọ̀ sí ara wa. Ọ̀gá kò sí níbẹ̀, ó wà nínú pálọ̀. A kàn gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé: "Ó tó. Tíṣà, fọ ọwọ́ rẹ, kí o wọlé wá."

Ìgbà yẹn ni mo mọ ohun tí iṣẹ́ DJ jẹ́ ní ti háúsì. Ẹ̀rọ àwo méjì ni a máa ń lò. Bí orin orí èkíní bá ń lọ sí òpin, a ó ti mú ti èkejì wọlé sábẹ́ rẹ̀, kí ìlù méjèèjì máa sọ̀ pọ̀, tí ẹni tó ń jó kò fi ní í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Bí wọn kò bá sọ̀ pọ̀, ariwo rẹ̀ burú ju ariwo garawa tó já sí kòtò lọ. Ìlù náà ń rìn ní mẹ́rin-mẹ́rin, tí ó bá sì di méjìlélọ́gbọ̀n, ojú ewé tuntun ti ṣí. Ibẹ̀ gan-an ni a ti gbọ́dọ̀ wọlé. Bí mo bá wọlé ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Ọ̀gá á gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, á ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà tí kò lè ka méjìlélọ́gbọ̀n, irú àwọn ọmọ wo ló wá ń kọ́?"

Kò fún mi ní hẹ́dífóònù. Ó ní ẹni tó bá fi hẹ́dífóònù bẹ̀rẹ̀ kò ní í gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Etí rẹ́kọ́ọ̀dù nìkan ni a gbọ́dọ̀ dìmú. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀pà kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ọdún méjì ààbọ̀ ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò sì gbọ́ "o ṣeun" lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí àwọn tó pe irú nǹkan báyìí ní ìkà. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kọ́ nígbà náà kò tíì fi mí sílẹ̀ títí di òní.

Nígbà tó yá, mo fẹ́ ibi tí a ó ti máa ṣe ijó tiwa ní ọ̀sán Sátidé. Àlùfáà ń kéde, pásítọ̀ ń kéde, kò sẹ́ni tó ń kéde háúsì ní Alímọ̀ṣọ́. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Fọlákẹ́, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ni a jọ dáwọ́ lé e. Aládùúrà ni Fọlákẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ló ti ń bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé, tòun ti sùtánà funfun lọ́rùn, láìwọ bàtà, báyìí ló sì ṣe ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò sí ọmọ ìta tó jẹ́ bá a jà. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ní ìwé kíkọ, òun ló kọ gbogbo pátákó tí a lẹ̀ láti Ìdímù dé òpópónà Ìpájà.

Gbọ̀ngàn tí a rí wà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Obìnrin oníṣòwò kan, Alhaja Sìfáwù, ló ni ín, òkè ilé náà ló sì ń gbé. Ó ní àdéhùn kan: tí aago mẹ́rin bá lù, kí orin dáwọ́ dúró kí ẹni tó fẹ́ kírun alásárì lè kírun. Èyí tí kì í kírun á mu mínírà dè wá. A pa àdéhùn yẹn mọ́ títí láé.

Ìṣòro kan ló kù. Ta ni yóò jó nínú oòrùn aago méjì tó ń tàn yòò? Mo lọ bá Bàbá pé kó bá mi rán aṣọ dúdú tí yóò bo fèrèsé mẹ́jọ.

Ó gbé ojú sókè. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Oòrùn la fẹ́ tì síta."

Ó mi orí, ó rán an. Ó sì fi ìlà pupa sí etí wọn kí wọ́n má baà dà bí aṣọ ọ̀fọ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi. Tíṣà ni mí, mo fẹ́ràn ètò, ètò yẹn gan-an ló sì kó mi sí wàhálà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo rò ó pé bí jẹnẹrétọ̀ bá kú, gbogbo ijó á bàjẹ́. Nítorí náà, mo fi ẹ̀rọ àwo kan sára jẹnẹrétọ̀ Alhaja, mo fi èkejì sára jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a gbé wá. Bí ọ̀kan bá kú, ìkejì á wà láàyè. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi.

Ẹ̀rọ àwo wa jẹ́ àlòkù, irú èyí tó jẹ́ pé bí iná bá ṣe sáré ni òun náà ṣe ń yí. Jẹnẹrétọ̀ méjì kì í sì í sáré bákan náà. N kò mọ̀. Mo mú orin kejì wọlé, ó bá èkíní rìn díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Mo fà á padà. Firíìjì Alhaja bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lókè, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ fà, orin èkíní náà bá falẹ̀. Bí mo ṣe ń tún ti ọ̀tún ṣe ni ti òsì ń bàjẹ́. Gbì-gbìrì, gbì-gbìrì-gbì. Àwọn tó ń jó dúró, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni pé ẹsẹ̀ ló jẹ̀bi.

"Tíṣà, ẹ lọ máàkì ìwé o!" Ẹnì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, èèyàn mọ́kànlá ló kù nílẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ará ilé wa.

Alhaja sọ̀ kalẹ̀. "Tíṣà, mo fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n mi ò kọ́ gbọ̀ngàn kí wọ́n lè máa fi etí èèyàn lọ ata níbẹ̀. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan ti ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ kó ẹrù síbẹ̀. Màá fún ọ ní Sátidé kan ṣoṣo sí i. Bí ilẹ̀ yìí bá tún ṣófo nígbà tí aago mẹ́rin bá lù, sìmẹ́ńtì ló máa gbé níbẹ̀."

Ọ̀gá Gàníyù jókòó sórí àpótí ní igun gbọ̀ngàn ní gbogbo àkókò yẹn. Kò ràn mí lọ́wọ́. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán ló tó pè mí.

"Kí lo ṣe?"

"Mo pín iná sí méjì, sà, kí ọ̀kan lè..."

"Odó mélòó ni ìwọ àti ìyàwó mi fi gún iyán?"

"Odó kan, sà."

"Kí ló wá dé tó o fi gbé odó méjì kalẹ̀ lónìí?"

Omijé ni mo fi dáhùn.

Alhaja kò dá ọjọ́ fún wa, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní oṣù kan kí n tó lo Sátidé yẹn. Ní gbogbo oṣù náà, bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù Ìkòtún ni mò ń jókòó sí, mo di ojú, mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀. Jẹnẹrétọ̀ olómi tútù. Mo kọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń rẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, mo kọ́ bó ṣe ń wúkọ́ kó tó kú. Àwọn èèyàn rò pé mo ń ṣàdúrà. Obìnrin kan tilẹ̀ bá mi ṣe àmín.

Ọjọ́ pé. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ àwo méjèèjì wà lára jẹnẹrétọ̀ Alhaja, a sì gbé tiwa sí àgbàlá fún ìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Fọlákẹ́ ti fi pátákó kún ìgboro. Àwọn ará Ayọ̀bọ̀ wá pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi kí wọ́n tó wọlé. Àwọn kan wá láti wòran bí Tíṣà yóò tún ṣe ṣubú. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Mo mú orin kejì wọlé, ó wọ inú èkíní bí ọwọ́ ṣe ń wọ apá ẹ̀wù. Mo mú ẹ̀kẹta wọlé. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù nígbà tí etí mi gbé e: jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún wúkọ́. Mo pariwo sí Fọlákẹ́ lẹ́nu ọ̀nà: "Ó fẹ́ kú! Ẹ tan tiwa!" Ọ̀gá ti sáré dé àgbàlá ṣáájú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ Alhaja kú lóòótọ́. Orin dákẹ́, iná lọ, aṣọ dúdú Bàbá sì jẹ́ kí gbogbo ilé ṣú bí inú ìkòkò.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Ẹ ṣí fèrèsé, ká máa lọ ilé." Bí fèrèsé kan bá ṣí, ó ti parí nìyẹn. N kò ní orin, n kò ní iná. Ọwọ́ nìkan ni mo ní, àti ohùn tí mo fi ń pa kíláàsì kẹrin lẹ́nu mọ́. Mo gun àga.

"Ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ máa kà á! Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀rin!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. "Yéè, Tíṣà ti sọ wá di ọmọ ilé ìwé o!" Ṣùgbọ́n wọ́n kà á. Ohùn tíṣà kò rọrùn láti ṣàìgbọ́ràn sí, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ ilé ìwé rí. Àtẹ́wọ́ gba gbogbo ilé kan, ẹsẹ̀ dara pọ̀ mọ́ ọn. Ilẹ̀ ń mì.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré dún ní àgbàlá. Láti ìró rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń sáré ju ti Alhaja lọ. Bí mo bá kàn fi rẹ́kọ́ọ̀dù sílẹ̀, yóò sá fi àwọn èèyàn sílẹ̀ ni. Mo fa ìyára ẹ̀rọ àwo wálẹ̀ bí etí mi ṣe wí, mo gbé abẹ́rẹ́ lé e, mo fi ìka di àwo náà mú. Mo ń bá wọn kà. Ọgbọ̀n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjìlélọ́gbọ̀n.

Mo tú ìka.

Gbì! Ó bọ́ sórí "ọ̀kan" wọn gẹ́ẹ́. Igbe tí wọ́n ké, àwọn ará òde rò pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n níbì kan. Alhaja sáré sọ̀ kalẹ̀, ó rò pé ilé ti wó. Kò rí ibi tí yóò gbà wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fọlákẹ́, ó ń wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, mo rí i tí bùbá rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù tí mo pa orin, ó wá bá mi.

"Tíṣà, ṣé orin yìí ò ní ọ̀rọ̀ ni?"

"Kò ní, Alhaja."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ń jó." Ó yí padà sí àwọn èèyàn. "Ẹni tó bá fẹ́ kírun, omi wà lẹ́yìn. Tí a bá ṣe tán, kí Tíṣà tún bẹ̀rẹ̀ gbì-gbì yẹn. Kí oníṣòwò sìmẹ́ńtì máa wá ibòmíràn lọ."

Lọ́jọ́ yẹn ni Ọ̀gá Gàníyù fún mi ní òmìnira, kò dá ọjọ́ kankan sí i. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi níwájú gbogbo wọn, ó sì fi hẹ́dífóònù kọ́ mi lọ́rùn. Ó ṣì kọ̀ láti sọ pé o ṣeun. Ó ní, "Wàyí, o lè lò ó." Ìyẹn tó mi.

Láti ìgbà náà, Ijó Ọ̀sán Sátidé kò dúró. Ìyá ọmọ kan lọ fẹjọ́ mi sun ọ̀gá ilé ìwé wa pé tíṣà ń ṣe DJ. Ọ̀gá náà wá fúnra rẹ̀ láì sọ fún mi, ó rí i bí aago mẹ́fà ṣe lù tí gbogbo ènìyàn ń gba ilé lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ Ajé, ó ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Mo kọ́ wọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Irinṣẹ́ yí padà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Rẹ́kọ́ọ̀dù lọ, sídíì dé. Mo sunkún rẹ́kọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì nu ojú. Sídíì lọ, kọ̀ǹpútà dé. Ní báyìí, fláàṣì tí kò ju ìka lọ ló ń gbé gbogbo orin tí ó nílò àpótí mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnì kan tilẹ̀ wà tó ń so ìlù méjì pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà DJ ń bú bọ́tìnì náà. Èmi kò bú u. Àgbà tó bá ń bú irinṣẹ́ tuntun, ẹ̀rù ló ń bà á. Àtúnṣe kékeré ni mo ní: bọ́tìnì á so ìlù pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní í sọ fún ọ pé ó ti rẹ obìnrin aláṣọ àwọ̀ ewé tó wà níwájú, pé kí o fún un ní orin tí yóò fi sinmi. Ìyẹn, ojú àti etí rẹ ló ń ṣe é. Nígbà tí háúsì àwọn ará Gúúsù Áfíríkà sì gba gbogbo ìgboro, tí àwọn ọmọdé ń sọ pé nǹkan tuntun ti dé, èmi àti Fọlákẹ́ wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún tí mo pé ọgọ́ta ọdún ni mo fẹ̀yìn tì ní ilé ìwé, mo sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní oṣù kan náà. Alhaja ti di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì gba gbọ̀ngàn náà lọ́wọ́ wa. Ní Sátidé tó kẹ́yìn, Bùsáyọ̀, nọ́ọ̀sì kan láti Ìgàndó tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ́ ní iṣẹ́ náà, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A jọ mú orin kan wọlé, ó wò mí.

"Mà, ẹ ti jó nílẹ̀ yìí rí?"

Mo ronú. N kò jó níbẹ̀ rí. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni mo wà.

"Ẹ máa lọ jó, mà. Mo ti dì í mú."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rí ibi tí mo lè gbé ẹsẹ̀ lé. Bàbá kan tó ti hewú, tó ń laagùn, tí n kò mọ̀ rí, fi ìgúnpá tì mí díẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún síwájú, ẹ dí wa lọ́nà ijó o!" Kò mọ ẹni tí mo jẹ́, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè. Mo sún síwájú. Mo jó títí aago mẹ́fà fi lù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ẹ má torí pé kò sẹ́ni tó ń ṣe irú rẹ̀ ládùúgbò yín kí ẹ sá fún un. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì fara da ohun tí kò yé yín lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá ṣubú lójú gbogbo ènìyàn, ẹ tọrọ Sátidé kan sí i.